Ìbọn Kékeré Tí Coy Rà fún Verna

"Fà á! Mo ní kí o fà á!"

Coy Stiltner fi ọwọ́ gbá tábìlì ìdáná, tíì tútù tó wà nínú ife ìyàwó rẹ̀ sì dà sára aṣọ tábìlì. Verna ò wo tíì náà. Ìbọn ìléwọ́ kan ló dì mú, ó kéré débi pé àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin lè bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Kò sí ọta nínú rẹ̀. Irin tó bo orí rẹ̀ ni Coy ní kó fà sẹ́yìn, nítorí bí irin yẹn ò bá kọ́kọ́ lọ sẹ́yìn kó padà, ọta kankan ò ní bọ́ sí ojú ihò, ìbọn náà ò sì ní yàtọ̀ sí òkúta. Verna fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú irin náà, ó fà á. Irin ò mira. Ó tún fà á. Ìka rẹ̀ yọ̀, ìbọn bọ́ sórí tábìlì, gbì.

"Ẹ ti rí i báyìí, Mọ̀mí." Coy kọjú sí ìyá ìyàwó rẹ̀, Mozelle arúgbó, tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé tó ń bó ẹ̀wà tútù sínú abọ́. "Èyí tó kéré jù nílé ìtajà ni mo rà fún un, kó baà lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ohun tí ọmọdé ń fà. Ọmọ yín ò lè fà á. Ṣé irú èyí ni yóò máa dá gbé orí òkè tí olè ń rìn yí ilé ká?"

"Olè náà ò jí nǹkan," Verna wí.

"Ìyẹn gan-an ló burú. Olè tó jí adìyẹ, adìyẹ ló fẹ́. Èyí tí kò jí nǹkan, kí ló ń wá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ń wá." Darla ló sọ bẹ́ẹ̀, àbúrò Verna, ẹni tó fara ti fíríìjì tó ń jẹ páì ápù tí Verna yan. Ó lá fọ́ọ̀kì rẹ̀. "Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ọwọ́ yín ló ti kú. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ti kú, àárín àwọn èèyàn ló yẹ kó máa gbé."

Ẹnu dídùn ni Darla ní láti kékeré. Ẹni tó ń jẹ páì èèyàn, tó sì tún ń jẹ nǹkan mìíràn rẹ̀ mọ́ ọn, ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ dùn.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn kì í ṣe irọ́ ṣá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Verna fi dúró nílé iṣẹ́ adìyẹ tó wà nísàlẹ̀ òkè, nínú òtútù, pẹ̀lú ọ̀bẹ, adìyẹ kan kọjá, òmíràn dé, títí ìka mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fi gbàgbé pé ìka làwọn. Ó lè gbé ìkòkò gbígbóná kó má mọ̀, àfi ìgbà tó bá gbóòórùn awọ ara rẹ̀. Láti ìgbà òtútù tó kọjá, kíkú náà ti ń gòkè láti ọwọ́ bọ̀ wá sí àyà. Bí Coy bá ń pariwo, ó máa ń gbọ́ ọ bí ìgbà tí èèyàn ń gbọ́ rédíò aládùúgbò.

Ilé tí wọ́n ń jà lé lórí, ti Verna ni. Otis bàbá wọn ló fi ilé àti igbó tó yí i ká sílẹ̀ fún òun nìkan, nítorí òun ló ń yí i lórí ibùsùn fún ọdún mẹ́rin nígbà tí kò lè yí ara rẹ̀ mọ́. Darla gba ọkọ̀ bàbá, ó sì tà á kí koríko tó hù lórí sàréè. Ṣé ẹni tó jẹ tirẹ̀ tán kì í gbàgbé? Darla ò gbàgbé. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára ilé náà láti ọjọ́ yẹn.

Oṣù mẹ́ta ni olè ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ nìkan ló máa ń wá, ọ̀sán gangan, nígbà tí Coy bá wà lójú títì pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wà, tí Verna sì wà nílé ìwòsàn níbi tí wọ́n ti ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bó bá padà dé, yóò bá ojú ẹsẹ̀ búùtù ńlá nínú amọ̀, lórí fàrándà, lábẹ́ fèrèsé yàrá tó ń sùn. Ilé adìyẹ á ti ṣí sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń mì nínú afẹ́fẹ́, ó sì dúró nínú àgbàlá títí oòrùn fi yí, kò lè wọlé sínú ilé bàbá rẹ̀.

"Èmi ò fẹ́ wàhálà," Coy wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ lójijì bí bọ́tà. "Níwájú Mọ̀mí ni mo ti ń sọ ọ́. A ó jẹun níbí lọ́jọ́ Àìkú bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Bó o bá fa ìbọn yẹn, a dúró síbí, n ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bó ò bá lè fà á, kó o buwọ́ lùwé kí ilé bọ́ sí orúkọ mi, kí n bá wa tà á, ká lọ gbé nílùú. Ṣé mo ṣẹ̀?"

"Ọkọ rẹ ń ṣàánú rẹ ni, Verna," ìyá wí, kò gbójú kúrò lára ẹ̀wà. "Gbà bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa," ni Verna wí.

Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti fi ń sọ pé ó dáa. Ó nu tíì tó dà sílẹ̀.

*

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó fi ìbọn kékeré náà sínú àpò, ó wakọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ìtajà Mísì Bernadine, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ màlúù. Mísì Bernadine ti ṣe ọlọ́pàá ìbílẹ̀ fún ogún ọdún kó tó di oníbọn. Arúgbó tó sanra ni, irun rẹ̀ funfun, ó dì í ní ìdì kan ṣoṣo sẹ́yìn, ó sì so gíláàsì ojú kọ́ ọrùn. Ó gba ìbọn náà, ó wò ó bóyá ọta wà nínú rẹ̀, ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ Verna.

"Ta ló ra èyí fún ọ?"

"Ọkọ mi ni, mà."

"Ṣé ẹ jà ni?"

Verna ò rẹ́rìn-ín. "Ó ní ó kéré, pé ó máa rọrùn fún mi."

"Ohun tí gbogbo wọn ń sọ nìyẹn. Ìyàwó mi kéré, ẹ fún un ní ìbọn kékeré. Bí ẹni tó ń ra bàtà ọmọ." Mísì Bernadine gbé e sórí káńtà bí ẹni gbé àkèekèé. "Ìbọn ò rí bẹ́ẹ̀, ìyá. Bó bá ṣe ń kéré sí i ni sípíríǹgì inú rẹ̀ ń le sí i. Bó bá ṣe fúyẹ́ tó ló ṣe ń tàpá tó, torí kò lára tó máa fi gba agbára ọta mọ́ra. Ìbaaka kékeré lèyí. Ẹni tó ti gun ẹṣin lógún ọdún ló ń gùn ún. Mú ọwọ́ rẹ wá."

Ó fọwọ́ tẹ àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ò ń mọ èyí?"

"Rárá, mà."

"Èyí ńkọ́?"

"Ó jìnnà."

"Ilé iṣẹ́ adìyẹ," Mísì Bernadine wí. Kò bi í léèrè. Ìdajì obìnrin tó wà ní apá Arkansas yẹn ló ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó gbé òmíràn jáde. Ìdí rẹ̀ nípọn, ìka Verna ò dé ibi tí wọ́n ti ń fà á kí ó tó yìn. Wọ́n dá a padà. Ó gbé ẹ̀kejì, oríṣi àtijọ́ tí ilé ọta rẹ̀ rí bí agolo tó ń yí, tí kò ní irin kankan tí wọ́n ń fà sẹ́yìn. Verna rò pé èyí ló máa jẹ́ tòun. Ṣùgbọ́n ibi tí ìka ti ń fà á le bí ìṣó inú igi. Ó fà á títí ẹnu ìbọn fi ń gbọ̀n ká gbogbo ògiri.

"Èyí á dá ògiri lu, á fọ́ fìtílà, á sì dá ẹni tó o fẹ́ yìn sí," Mísì Bernadine wí. "Gbé e sílẹ̀."

Ẹ̀kẹta ò kéré, kò sì tóbi. Ìdí rẹ̀ kún ọwọ́ Verna bí ìgbà tí ọmọ bá di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

"Wàyí o, má fi ìka fa nǹkan mọ́. Ìka tó ti sùn, fi í sílẹ̀ kó máa sùn. Fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ òsì bo irin náà látòkè, ìka mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdí ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Gbé e sún mọ́ àyà, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ó tán. Di irin mú, má fà á. Ọwọ́ ọ̀tún tó wà nídìí ìbọn ni kó o tì síwájú, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn."

Verna tì í. Irin náà lọ sẹ́yìn bí dúróà tí wọ́n fi ọṣẹ pa.

"Ẹ wò ó," ó wí, ohùn rẹ̀ ò sì gbéra sókè. "Ó lọ."

"Ó lọ. Mú ìbaaka ọkọ rẹ náà, kó o ṣe é bẹ́ẹ̀."

Ti ìbaaka le. Ìgbà kẹrin ló tó lọ. Ṣùgbọ́n ó lọ.

Mísì Bernadine mú un lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn. Ó fi ohun ìdétí dé e létí, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní. Ohun tó bá jáde nínú èyí kì í padà. Bí inú rẹ bá gbóná, àpótí ni kó wà." Verna yin ọta mẹ́wàá. Mẹ́jọ bọ́ sínú róbótó dúdú tó wà láàárín bébà. Ìbọn náà tì í, kò ta á nípàá.

Ògiri kan wà nílé ìtajà náà tí kò sí ìbọn kankan lára rẹ̀. Bébà tí ọta ti lu ló bò ó láti òkè dé ilẹ̀, orúkọ obìnrin sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Òfin ilé mi ni," Mísì Bernadine wí, ó na bírò sí i. "Obìnrin tó bá yìnbọn níbí fún ìgbà àkọ́kọ́, bébà rẹ̀ á lọ sára ògiri. Á kọ orúkọ rẹ̀, á kọ ọjọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ àfi ẹni tó ni ín. Àwọn kan ń mú ọmọ-ọmọ wọn wá wò ó. Wá àyè fún tìrẹ."

Verna ń wá àyè. Ìgbà tó dé igun òsì ló rí i. Ihò ọta mọ́kànlá, gbogbo rẹ̀ ṣù pọ̀. Lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú bírò àwọ̀ pupa: Ìyáàfin Coy Stiltner. Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Ó wo lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé ọkọ rẹ̀. Ìrù rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì, bí ìrù ọmọ ẹlẹ́dẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Darla nígbà tí Verna kọ́ ọ láti máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, lórí tábìlì ìdáná yẹn gan-an, tó ní kò sẹ́lòmíràn tó máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé.

Ó sì rántí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ìyá wọn. Coy ní òun gbẹ́rù lọ sí Memphis. Darla ní ọkọ̀ òun ò ṣí. Verna nìkan ló jókòó sínú ilé ìwòsàn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí ìyá fi aṣọ dí ojú tó ń pe Darla, tó ń bi í pé Darla ti dé àbí kò tíì dé.

"Ẹ mọ ẹni yìí, mà?"

Mísì Bernadine fi gíláàsì sójú. "Tọkọtaya yẹn. Mo mọ̀ wọ́n. Wákàtí kan ààbọ̀ ni wọ́n lò lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin yẹn dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ìbọn méje ni wọ́n dán wò. Ó ní kò sóhun tó dára jù fún ìyàwó òun. Irú èyí tó o yàn lónìí gan-an ni wọ́n gbé lọ." Ó tọ́ka sí ìbọn kékeré náà. "Ó padà wá lóṣù tó kọjá, òun nìkan, ó ní òun fẹ́ ìbaaka kékeré, fún ẹbí òun kan tí ọwọ́ rẹ̀ ò dá. Mo ní, ọwọ́ tí ò dá? Má ra èyí o, kò ní lè fà á. Ó ní, 'Èyí gan-an ni mo fẹ́.'"

Ó gbójú sókè. Verna ti kọ orúkọ sábẹ́ bébà tirẹ̀. Mísì Bernadine kà á: Verna Stiltner. Ó ka ti ògiri. Ó tún ka ti ọwọ́ rẹ̀.

Arúgbó náà yọ gíláàsì kúrò lójú.

"Ọdún mélòó lẹ ti fẹ́ra?" Mísì Bernadine bi í.

"Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n."

"Ṣé ìwọ ni Ìyáàfin Coy Stiltner?"

"Èmi ni, mà."

"Òfin mi ò yí." Arúgbó náà fi èékánná yọ píìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dì í mú, ó ká bébà náà, ó fi í lé Verna lọ́wọ́. "Ẹni tó ni ín ti wá gbà á."

Verna kọ ìwé ìjọba, Mísì Bernadine pe àwọn tó ń yẹ orúkọ wò, wọ́n ní kò lẹ́ṣẹ̀ kankan lọ́rùn. Ó gbé ìbọn rẹ̀ lọ sílé. Ó jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé, ó ń dúró de ẹkún. Ẹkún ò wá. Ó wọlé, ó lọ gbé ẹ̀wà kaná.

*

Lọ́jọ́bọ̀, kò dé ilé ìwòsàn. Ó gbé ọkọ̀ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba inú igbó padà wá, ó sì dúró lẹ́yìn ilé pákó tí bàbá rẹ̀ ti máa ń yan ẹran, níbi tí pákó ti là. Ìbọn tuntun wà nínú àpò rẹ̀ ní ìbàdí.

Aago méjìlá ni ọkọ̀ Darla dé. Darla ṣí bóòtù ọkọ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ búùtù àtijọ́ Coy. Ó rìn gba inú amọ̀ bí pẹ́pẹ́yẹ, ó gun fàrándà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ dúró lábẹ́ fèrèsé. Ó ṣí ilé adìyẹ, ó ń lé wọn jáde, ó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Olè tó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì! Bí kòkòrò ṣe ń gbé inú obì tó ń jẹ obì nìyẹn.

Ìgbà tó ṣe tán, kò tíì lọ. Ó fa téèpù yọ lápò, ó ń wọn fèrèsé. Ti pálọ̀, ti ìdáná, ti yàrá. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ́tìnì ló fẹ́ rán.

Ọwọ́ Verna ti dé ìdí ìbọn. Kò mọ ìgbà tó débẹ̀, nítorí ìka rẹ̀ ò sọ fún un. Ó rántí ọ̀rọ̀ Mísì Bernadine: bí inú rẹ bá gbóná. Ó wo inú ara rẹ̀, kò gbóná. Ó tutù bí ilẹ̀ ilé iṣẹ́ adìyẹ, ó mọ́lẹ̀ kedere, gbogbo nǹkan wà lójúkan, kò sóhun tó ń gbọ̀n. Ìyẹn ló wá bà á lẹ́rù. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta, ẹ̀rù tó bà á kì í ṣe ti olè.

Ó yọ ilé ọta kúrò nídìí ìbọn. Ó ti àwọn ọta jáde lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àtàǹpàkò tó kú, ó ń kó wọn sápò aṣọ. Ọ̀kan bọ́ sínú koríko, ó bẹ̀rẹ̀, ó wá a títí ó fi rí i. Ìgbà tó fi gbójú sókè, ọkọ̀ Darla ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ó kó adìyẹ rẹ̀ wọlé. Mẹ́rìnlá ni wọ́n, ó pé. Lọ́jọ́ Ẹtì, tí Coy ò sí nílé, ó pe ẹni tó ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn.

*

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun wà lórí tábìlì, ẹ̀wà wà níbẹ̀, búrẹ́dì àgbàdo wà níbẹ̀. Mozelle gbàdúrà, ó pẹ́ lórí orúkọ Darla, ó yára kọjá lórí ti Verna. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní títì, èyí onínẹ́ẹ̀tì tó kọjú sí fàrándà wà ní ṣíṣí gbayawu. Coy ò jẹ́ kí wọ́n jẹun tán. Ó gbé ìbọn kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ Verna, ó tẹ́ ìwé síwájú rẹ̀, ó fi bírò lé e.

"Ó ti tó. Fà á."

Verna nu ọwọ́. Ó wò ó bóyá ọta wà nínú rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ òsì bo irin, ó gbé e sún mọ́ àyà, ó kọ ẹnu rẹ̀ sí ògiri tí kò sẹ́nìkan níbẹ̀, ó sì ti ọwọ́ ọ̀tún síwájú. Irin náà lọ, ó padà. Kàkẹ̀.

Fọ́ọ̀kì Darla dúró lẹ́nu rẹ̀.

"Kòńgẹ́ ni," Coy wí. "Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Kàkẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ṣebí o ní ohun tí ọmọdé ń fà ni." Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì gbé e sílẹ̀. "Bírò yẹn dà?"

Ojú Coy là. Ó ti bírò sí i kíákíá, òmùgọ̀ ọkùnrin, ó rò pé ó fẹ́ buwọ́ lùwé náà. Verna yọ bébà kan lápò, ó fi bírò náà tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó má baà ká padà, ó sì tì í síwájú ìyá rẹ̀.

"Mọ̀mí, ẹ bá mi ka èyí. Ojú yín ti dára báyìí."

Mozelle fà á mọ́ra. "Bébà ìyìnbọn ni. Ìyáàfin Coy Stiltner. Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta." Ó gbójú sókè. "Ìgbà wo lo lọ yìnbọn lọ́jọ́ yẹn? Ẹ̀gbẹ́ mi lo wà. Ìwọ lò ń fún mi lómi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ wo ọwọ́ ìkọ̀wé."

Arúgbó náà wò ó. Ó pẹ́ tó fi ń wò ó. Ìka rẹ̀ tọ ìrù ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ náà lọ, ó ká lẹ́ẹ̀kan, ó ká lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo káàdì ọjọ́ ìbí tí Darla ń kọ sí i ní ìrù yẹn.

"Coy," Darla wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí n sọ? Ta ló ní kó o kọ orúkọ sára ògiri arúgbó oníbọn yẹn?"

Bí ẹnu ṣe ń pa ẹni tó ni ín nìyẹn. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ti jẹ́wọ́.

"Ìwọ náà ni!" Darla fò dìde. "Ìwọ lo ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. O ní kí n fi orúkọ náà kọ́ra. O ní kó tó di Àjíǹde yóò ti buwọ́ lùwé, pé bó o bá ti gba ilé tán, wàá lé e sílé ìtọ́jú arúgbó. Èmi ni mò ń fi búùtù rìn nínú amọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí wèrè."

"Pa ẹnu ẹ mọ́, Darla."

"N ò pa á. Olè ni ẹ́. Ọkùnrin tí kò lè kọ aya rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba, tó ń fi ìbọn ọmọdé dẹ́rù bà á."

"Ìwọ tó o ń jẹ páì rẹ̀ ńkọ́?"

"Fèrèsé yàrá, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni," Verna wí láàárín wọn, ohùn rẹ̀ pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń dárúkọ ohun tó fẹ́ rà lọ́jà. "Ti pálọ̀, márùn-ún. O kàn bi mí ni, Darla, èmi ni mo rán kọ́tìnì tó wà níbẹ̀."

Mozelle ká bébà náà díẹ̀díẹ̀.

"Wọ́n fi aṣọ dí mi lójú," arúgbó náà wí. "Mo ń pè ọ́, Darla. Ìwọ ni mò ń pè. Ọwọ́ kan ń bẹ lọ́wọ́ mi látàárọ̀, ọwọ́ tútù kan tí kò rọ̀. Mo sì ń sọ fún un pé kó lọ pè ọ́ wá." Ó na ọwọ́ kọjá orí ẹ̀wà. "Kọ́kọ́rọ́ ilé mi."

"Mọ̀mí. Ọ̀dọ̀ yín ni mò ń gbé. Níbo ni kí n lọ?"

"Ilé ọkọ rẹ. Ṣebí Ìyáàfin Coy Stiltner ni ẹ́. Mo ti kà á."

Kọ́kọ́rọ́ náà bọ́ sínú abọ́ ẹ̀wà. Darla gbé báàgì rẹ̀, ó jáde, ẹkún rẹ̀ ń ga sí i bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ fàrándà. Coy dìde. Ó gbé ìwé ilé, ó wò ó bí ẹni tí kò mọ̀wé, ó gbé e sílẹ̀.

"Mò ń lọ fẹ́ afẹ́fẹ́ sára," ó wí fún Verna. "Bí orí gbogbo wa bá ti tutù, mo máa padà wọlé, a ó sọ̀rọ̀ bí àgbà. Ilé mi náà nìyí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n."

"Ó dáa," ni Verna wí.

Ó jáde. Ilẹ̀kùn onínẹ́ẹ̀tì padé lẹ́yìn rẹ̀. Verna dìde, ó lọ síbẹ̀, ó fi ìdí ọwọ́ ti irin kọ́kọ́rọ́ tuntun náà wọlé, ó sì padà wá gé páì fún ìyá rẹ̀.

Wọ́n gbọ́ ọkọ̀ Darla bó ṣe ṣí, tó ń sọ̀kalẹ̀ òkè, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbọ́ Coy tó ń pè é. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ dún lórí fàrándà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ há ojú ihò, kò yí. Ó yọ ọ́, ó tún ki í bọ̀ ọ́, kò yí. Ó gbá ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó mì í, ilẹ̀kùn ò mira.

"Verna. Ilẹ̀kùn yìí ti há. Wá ṣí i."

Verna gbé ọ̀bẹ páì sílẹ̀. Ó rìn wá síwájú nẹ́ẹ̀tì, ó dúró síbi tí Coy ti lè rí i dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí nǹkan nínú wọn.

"Fà á, Coy," ó wí. "Mo ní kí o fà á."